Ta ló ya Ọba Philip? Ọ̀rọ̀ lórí Sofonisba Anguissola, ayàwòrán ààfin Sípéènì

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ àwòrán ní yunifásítì sọ fún mi pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Sofonisba Anguissola ló ya Ọba Philip Kejì ti Sípéènì, ṣùgbọ́n pé orúkọ ọkùnrin ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ sábẹ́ àwòrán náà. Ó bi mí léèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀, mi ò sì rí èsì fọ̀. Ṣé ayàwòrán ààfin ni obìnrin yìí lóòótọ́, àbí ẹmẹ̀wà olorì tó kàn mọ àwòrán yà? Ṣé wọ́n jí iṣẹ́ rẹ̀ ni?"

Ẹ ṣé, màmá. Ẹ bá mi kí ọmọ yín, ibi tó yẹ kó béèrè gan-an ló ti béèrè.

Méjèèjì ni obìnrin náà. Nínú ìwé ààfin, ẹmẹ̀wà olorì ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ṣùgbọ́n fún nǹkan bí ọdún 14 tó lò níbẹ̀, àwòrán ló ń yà: ọba, olorì, àtàwọn ọmọ wọn. Ní ti olè, mi ò ní pè é bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó pète pé kí orúkọ rẹ̀ parẹ́. Ọmọ ọlọ́lá tó jẹ́ ló ṣílẹ̀kùn ààfin fún un, ọmọ ọlọ́lá tó jẹ́ yìí kan náà ni kò sì jẹ́ kó fi orúkọ sára iṣẹ́ rẹ̀. Iná àtàwọn akọ̀wé tó ń ka ẹrù ọba ló wá bá a ṣe ìyókù.

Cremona, ní àríwá Ítálì, ni wọ́n ti bí i ní nǹkan bí ọdún 1532. Abẹ́ Milan ni ìlú náà wà, Milan fúnra rẹ̀ sì ti bọ́ sọ́wọ́ ọba Sípéènì kí ọmọ náà tó tójúúbọ́. Òun ló fà á tí òkìkí ọmọ Cremona fi lè dé ààfin tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Amilcare ni bàbá rẹ̀, Bianca Ponzone ni ìyá. Ọlọ́lá ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọlá wọn ju owó wọn lọ. Ọmọbìnrin mẹ́fà ni wọ́n bí pẹ̀lú ọkùnrin kan ṣoṣo, Asdrubale. Sofonisba ni àkọ́bí. Ẹ rántí pé lọ́dọ̀ tiwọn, ìyàwó ló ń gbé owó lọ sílé ọkọ, kì í ṣe ọkọ ló ń san owó orí. Bàbá ọlọ́mọbìnrin mẹ́fà ń wá owó ìgbéyàwó lọ́nà mẹ́fà nìyẹn. (Bí àwọn orúkọ wọn bá ń yà yín lẹ́nu: ìdílé náà fẹ́ràn ìtàn Carthage, ìlú alágbára ayé àtijọ́ tó wà ní Tùnísíà òní. Hamilcar ni bàbá Hannibal, ọ̀gágun wọn tó lókìkí, Hasdrubal ni àbúrò Hannibal, Sophonisba sì ni ọmọbìnrin ọ̀gágun kan níbẹ̀. Orúkọ ilẹ̀ Áfíríkà ni ọmọ Ítálì yìí ń jẹ́ títí dọjọ́ ikú rẹ̀.)

Amilcare ṣe ohun tí bàbá ọlọ́lá kì í sábà ṣe. Ní nǹkan bí ọdún 1546, ó mú Sofonisba àti àbúrò rẹ̀ Elena lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ayàwòrán kan, Bernardino Campi. Wọn kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ bí àwọn ọmọkùnrin tó ń lọ ọ̀dà, tó ń gbálẹ̀, tó ń sin ọ̀gá títí wọn á fi gba òmìnira. Àlejò ni wọ́n nílé Campi, ojú ìyàwó rẹ̀ sì wà lára wọn. Nígbà tí Campi kó lọ sí Milan ní 1549, Sofonisba tẹ̀ síwájú lọ́dọ̀ Bernardino Gatti. Elena ní tirẹ̀ lọ di arábìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́.

Ohun kan wà tí olùkọ́ kankan kò lè kọ́ ọ. Ara ènìyàn tó wà níhòòhò ni àwọn ọkùnrin fi ń kọ́ bí egungun àti iṣan ṣe ń rìn, ìmọ̀ yẹn ni wọ́n sì fi ń ya àwọn àwòrán ràgàjì inú ṣọ́ọ̀ṣì tó ń mówó wọlé. Wúndíá ọmọ ọlọ́lá kò gbọ́dọ̀ yọjú síbẹ̀. Ojú ènìyàn ló kù fún un, ojú tó sì wà nítòsí ni ti bàbá rẹ̀, ti àwọn àbúrò rẹ̀, àti èyí tó ń rí nínú dígí. Ó ya ara rẹ̀ léraléra tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé, láàárín ìgbà Dürer, ayàwòrán ará Jámánì, sí ìgbà Rembrandt, ayàwòrán ará Netherlands, agbára káká la fi lè rí ẹni tó ya àwòrán ara rẹ̀ tó o.

Bí ọmọ yín bá fẹ́ wo ẹyọ kan péré, kó wo èyí tí àwọn àbúrò Sofonisba ti ń ta ayò ṣẹ́ẹ̀sì. Ọdún 1555 ló yà á, ìlú Poznań ní Pólàǹdì ló sì wà lónìí. Lucia, Minerva àti Europa ló wà nídìí ayò níta gbangba, ìyá arúgbó kan tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé ń yọjú wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lucia ti gbé ọmọ ayò tán, ó kọjú sí wa bí ẹni pé ó ti mọ ibi tó máa já sí. Minerva na ọwọ́ sókè, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, ọ̀rọ̀ fẹ́ bọ́ níbẹ̀. Europa, tó kéré jù, ń wo ẹ̀gbọ́n tí wọ́n fẹ́ jẹ láyò, ó sì ń rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí àbúrò máa ń rín nígbà tí ìyà bá fẹ́ jẹ ẹ̀gbọ́n. Láyé ìgbà náà, ńṣe ni ojú ọlọ́lá máa ń le koko nínú àwòrán. Kí àwọn ọmọ ìyá máa ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn lójú gbogbo ayé, ó ṣọ̀wọ́n. Giorgio Vasari, tó kọ ìtàn àwọn ayàwòrán Ítálì, rí àwòrán náà nílé bàbá wọn ní Cremona ní 1566, ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló kù kí wọ́n máa sọ.

Ẹ wá wo etí pátákó ayò náà. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ ní èdè Látìn pé òun Sofonisba, wúndíá, ọmọ Amilcare, ni òun ya àwọn àbúrò òun mẹ́ta àti ìránṣẹ́bìnrin kan bí wọ́n ṣe rí gan-an, ní 1555. Bákan náà ni nínú àwòrán ara rẹ̀ ti 1554 tó wà ní Vienna: ó mú ìwé kékeré kan dání, ohun tó wà nínú ìwé náà ni pé Sofonisba, wúndíá, ló fọwọ́ ara rẹ̀ ya ara rẹ̀. Nílé bàbá rẹ̀, obìnrin yìí kì í gbàgbé láti kọ orúkọ. Ẹ fi èyí pamọ́ sọ́kàn, a óò padà débẹ̀.

Amilcare kò ta àwọn àwòrán wọ̀nyí, ńṣe ló ń fi wọ́n tọrẹ fáwọn alágbára. Ó kọ̀wé sí Michelangelo, ayàwòrán Ítálì tó lókìkí jù nígbà náà, lẹ́ẹ̀mejì, ní 1557 àti 1558, ó ń dúpẹ́ pé bàbá àgbà náà ń tọ́ ọmọ òun sọ́nà. Wọ́n ní Michelangelo ti rí àwòrán ọmọbìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín látọwọ́ Sofonisba, ló bá ní ọmọkùnrin tó ń sunkún ni òun ìbá rí, torí ìyẹn ló nira jù. Sofonisba fa ìka Asdrubale sẹ́nu edé ńlá kan, ó kéré tán nínú àwòrán: ọmọ náà ká ọwọ́ kò, ojú rẹ̀ fún pọ̀, ẹkún fẹ́ ya, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kan sì ń fi apá kan dì í mú, tòun tẹ̀rín. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Capodimonte ní Naples ni bébà náà wà lónìí. Ní 1562, ọ̀rẹ́ Michelangelo, Tommaso de' Cavalieri, fi í ránṣẹ́ sí Duke Cosimo, olórí ìlú Florence, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn tó tó ẹ̀bùn, àwòrán kan látọwọ́ Michelangelo fúnra rẹ̀ ló sì fi tì í.

Bẹ́ẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ ṣe dé Milan, níbi tó ti ya Duke ti Alba, ọ̀gágun Sípéènì, ní 1558. Alba ló bá Philip sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àkókò náà bọ́ sí i: ọba fẹ́ gbé ìyàwó kẹta, Elisabeth, ọmọ ọba Faransé, ọmọ ọdún 14 tó fẹ́ràn kó máa ya àwòrán. Ọba jẹ́ ẹni ọdún 32. Ọmọ kékeré yìí nílò ẹni tó máa bá a gbé, tó sì máa kọ́ ọ. Ayàwòrán ọkùnrin kò lè wọ yàrá olorì bó ṣe wù ú, àmọ́ ọmọ ọlọ́lá tó jẹ́ obìnrin lè sùn síbẹ̀. Ní oṣù kìíní 1560 ni ìgbéyàwó wáyé ní Guadalajara. Nígbà tí ijó dé, tí ọ̀wọ̀ àwọn ìjòyè kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni kọ́kọ́ bọ́ sójú agbo, Ferrante Gonzaga ló dìde, Sofonisba ló sì fà lọ́wọ́ jáde, ọmọ Cremona tó ń ya àwòrán.

Ibi tí èsì ìbéèrè yín wà nìyí. Wọ́n ń san dúkátì (owó wúrà ìgbà náà) 100 fún un lọ́dún, ṣùgbọ́n owó ẹmẹ̀wà ni, kì í ṣe owó àwòrán. Ọmọ ọlọ́lá kì í fi iṣẹ́ ọwọ́ tajà. Ohun yòówù tó bá yà, ẹ̀bùn ló máa ń wá láti fi dá a lóhùn: aṣọ olówó ńlá, ohun ọ̀ṣọ́, owó ọdọọdún fún bàbá rẹ̀ nílé. Alonso Sánchez Coello, tó jẹ́ ayàwòrán ọba lórúkọ oyè, ń mú ìwé owó wá fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: báyìí ni mo yà, báyìí ni kí ẹ san. Ìwé owó wọ̀nyẹn ṣì wà, àwọn onímọ̀ sì ń kà wọ́n dòní. Sofonisba kò ní ìwé owó kankan. Kò sì fi orúkọ sára àwọn àwòrán ààfin náà, nítorí ẹni tó bá kọ orúkọ sára àwòrán ọba ń sọ fún ayé pé oníṣẹ́ ọwọ́ ni òun. Ọmọbìnrin tó kọ orúkọ sí etí pátákó ayò dákẹ́ lójijì. Nítorí náà, nígbà tí gbogbo àwọn tó mọ̀ ọ́n lójú kú tán, kò sí orúkọ lára aṣọ àwòrán, kò sí ìwé owó nínú àpótí.

Èyí kò túmọ̀ sí pé wọn kò kà á sí nígbà ayé rẹ̀. Àwòrán láyé ìgbà náà ń ṣiṣẹ́ ikọ̀. Ìyá olorì wà ní Faransé, ó fẹ́ rí bí ọmọ òun ṣe ń dàgbà. Ẹni tó ń wá ìyàwó fún ọmọ ọba ní láti fi ojú ọmọ náà ránṣẹ́. Èyí tó bá dára, wọ́n á ní kí àwọn mìíràn ṣe ẹ̀dà rẹ̀ káàkiri. Ní 1561, Póòpù Pius Kẹrin béèrè fún àwòrán olorì, Sofonisba ló sì yà á. Ó fi lẹ́tà tì í pé bí ọ̀dà bá lè fi ẹwà ọkàn olorì han Bàbá Mímọ́, kò sí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ láti rí. Póòpù fèsì láti Róòmù lóṣù kẹwàá pé òun ti tò ó mọ́ àwọn ohun iyebíye òun. Nígbà tó sì ya Don Carlos, àrẹ̀mọ ọba, Sánchez Coello ni wọ́n ní kó ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ gbọ́ o: ọkùnrin olóyè ló ń wo iṣẹ́ obìnrin dà á kọ. Ojúlówó ti sọnù, orúkọ ẹni tó ṣe ẹ̀dà ni kò sọnù.

Ní ti àwòrán Philip tí ọmọ yín sọ, ó wà ní Prado, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kan ní Madrid. Aṣọ dúdú ni ọba wọ̀, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ tutù, àárẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ díẹ̀. Orúkọ Sánchez Coello ló wà lábẹ́ rẹ̀ títí di òpin ọgọ́rùn-ún ọdún ogún. Nígbà tí wọ́n gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ X-ray, wọ́n rí i pé wọ́n ti yà á ní nǹkan bí 1565, tí wọ́n sì padà tún un ṣe ní 1573. Apá àti aṣọ ìborùn rẹ̀ ti yí padà, ìlẹ̀kẹ̀ náà sì wọlé lẹ́yìn. Ìdí ni pé Elisabeth ti kú. Philip ti gbé ìyàwó kẹrin, Anne ti Austria, wọ́n sì fẹ́ kí àwòrán ọba bá ti olorì tuntun mu. Sofonisba náà ló ya olorì tuntun yìí, orúkọ rẹ̀ ló sì wà lábẹ́ ti ọba náà lónìí.

Ikú Elisabeth yẹn ló dùn ún jù. Ọdún 23 péré ni olorì náà, ní oṣù kẹwàá 1568, oyún ló bà jẹ́ lára rẹ̀. Ó fi ọmọbìnrin méjì sílẹ̀, Isabella Clara Eugenia àti Catalina Micaela, Sofonisba sì wà lára àwọn tó dúró tì wọ́n. Ọba wá gbà pé ó tó àkókò kí obìnrin tó ti lé ní 40 ọdún yìí lọ́kọ. Ó fa owó ìgbéyàwó kalẹ̀ láti àpò ara rẹ̀ (gbèsè Amilcare ti di gbèsè ọba), wọ́n sì fi í fún Fabrizio Moncada, ọmọ ọlọ́lá kan láti Sísílì, ní 1573. Paternò ni wọ́n gbé. Ní 1578, àwọn ajalèlókun kọlu ọkọ̀ tí Fabrizio wà nínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ erékùṣù Capri ní Ítálì, ó sì bá omi lọ.

Ṣé ẹ mọ ohun tí opó yìí ṣe? Wọ́n ní kó padà sọ́dọ̀ Asdrubale ní Cremona. Ó wọkọ̀ òkun. Balógun ọkọ̀ náà, Orazio Lomellini ará Genoa, kéré sí i lọ́jọ́ orí dáadáa. Kó tó di pé ọdún 1580 wọlé tán, wọ́n ti ṣègbéyàwó. Asdrubale bínú, ó ní kí Duke Francesco de' Medici, olórí Florence nígbà náà, bá òun dá a lẹ́kun. Sofonisba dá Duke lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ọ̀run ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ so ìgbéyàwó kó tó dé ayé, pé lẹ́tà rẹ̀ pẹ́ kó tó dé. Mo fẹ́ràn obìnrin yìí gan-an níbẹ̀ yẹn. Gbogbo ayé rẹ̀ ni bàbá, ọba àti àbúrò fi ń pinnu ibi tó máa gbé. Èyí ló fọwọ́ ara rẹ̀ yàn, ó sì lé ní 40 ọdún tí wọ́n fi jọ gbé.

Genoa ni wọ́n fi ṣe ilé fún bí ọdún 35. Ibẹ̀ ni Isabella Clara Eugenia, ọmọ tó ti tọ́jú rí, ti yà kí i ní 1599 nígbà tó ń lọ jọba ní Flanders, tó jẹ́ apá kan Bẹ́ljíọ́mù òní. Lẹ́yìn náà ni òun àti Orazio kó lọ sí Palermo ní Sísílì. Ní ọjọ́ 12 oṣù keje 1624, ọ̀dọ́ ayàwòrán kan, Anthony van Dyck, wá bá a níbẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ van Dyck wà ní Gbọ̀ngàn Ìṣẹ̀ǹbáyé Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó yàwòrán ìyá arúgbó náà síbẹ̀, ó sì kọ ọ́ pé ọdún 96 ni (ó ṣe é ṣe kó jẹ́ bí 92), pé iyè rẹ̀ ṣì pé, pé ó máa ń gbé àwòrán sún mọ́ imú kó tó lè rí i. Nígbà tó ń yà á, ìyá ní kó má ṣe jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ti òkè jù wá, kí òjìji má baà fi kún ìhunjọ ojú òun. Ìyá arúgbó tí kò ríran mọ́ ṣì ń darí iṣẹ́! Ẹni tó gbé van Dyck wá sí Palermo, gómìnà Sísílì, Emanuele Filiberto, ọmọ Catalina Micaela ni: ọmọ ọmọ Elisabeth. Sofonisba kú ní oṣù kọkànlá 1625, wọ́n sin ín sí San Giorgio dei Genovesi. Ní 1632, Orazio gbẹ́ ọ̀rọ̀ sára ibojì rẹ̀.

Orúkọ tó jẹ́ kàyéfì nígbà ayé rẹ̀ wá ṣe di ohun tí wọn ò mọ̀? Iná jó ààfin El Pardo ní 1604, àwọn àwòrán ìdílé ọba bá a lọ. Pantoja de la Cruz, ayàwòrán ààfin mìíràn, ni wọ́n pè láti tún àwọn kan yà látinú ẹ̀dà, èyí sì tún fi ọwọ́ ọkùnrin mìíràn bo tirẹ̀. Ní 1734, iná jó ààfin Alcázar ní Madrid. Àwọn tó kó ìyókù jọ rí àwòrán ààfin Philip tí kò ní orúkọ. Wọ́n wo ìwé owó, orúkọ Sánchez Coello ni wọ́n bá níbẹ̀, ni wọ́n bá kọ ọ́. Mi ò rò pé ìkórìíra ló wà níbẹ̀. Ohun tí mo lè bá wọn wí lé lórí ni pé Vasari ti kọ orúkọ obìnrin náà sínú ìwé láti 1568, wọn kò sì béèrè pé níbo wá ni àwọn àwòrán tí Vasari ń wí wà.

Kí ọmọ yín sì ṣọ́ra fún òdìkejì rẹ̀. Láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, àwọn kan ti fẹ́ máa fi gbogbo àwòrán tó rẹwà tí kò lórúkọ fún Sofonisba. Àwòrán obìnrin tó da awọ onírun bora tó wà ní Pollok House ní Glasgow, El Greco, ayàwòrán olókìkí kan ní Sípéènì, ni wọ́n kọ́kọ́ ní ó yà á. Àwọn mìíràn ní Sofonisba ni. Ní 2019, lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ Glasgow àti Prado yẹ ọ̀dà rẹ̀ wò finífiní, Sánchez Coello ni wọ́n sọ pé ó ni ín. Òun náà mọṣẹ́, kí á má fi iṣẹ́ tirẹ̀ san gbèsè.

Bó bá fẹ́ mọ bí ì bá ṣe rí ká ní Sofonisba kì í ṣe ọmọ ọlọ́lá, kó ka ti Lavinia Fontana ti Bologna, tí wọ́n bí ní 1552. Ayàwòrán ni bàbá rẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tójú ń tì pé ó ń gbowó iṣẹ́. Ó fẹ́ ọkọ ní 1577, ó bí ọmọ 11, ọkọ rẹ̀ sì ń bá a ṣe kòkáárí iṣẹ́. Ó ya àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì ńláńlá, ó ń kọ orúkọ sí wọn, a sì mọ̀ ọ́n dòní látara wọn. Prado gbé iṣẹ́ àwọn obìnrin méjèèjì kalẹ̀ pa pọ̀ ní 2019 sí 2020. Nínú iṣẹ́ Sofonisba, kó wo ojú: ẹyinjú tóbi, etí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ́ mọ́ òkùnkùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rọra ń lọ lára awọ. Nínú ti Sánchez Coello, aṣọ ni ojú ẹni kọ́kọ́ máa ń lọ sí, gbogbo òwú àti bọ́tìnnì ló yà. Kó gbé Philip ti Prado sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyíkéyìí tí Sánchez Coello fọwọ́ sí, kó fúnra rẹ̀ sọ ọwọ́ tó rí níbẹ̀.